Ohùn Ìyá Mi Nínú Ìwé Ìpè

Ìwé mẹ́tàdínlógójì ló tò sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ní Abobo. Mẹ́rìndínlógójì nínú wọn, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ wọ́n láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Èjìgbò tí mo sì fi Abidjan ṣe ilé. Ẹyọ kan tó kù, n óò dé orí rẹ̀. Òmíràn nínú wọn kéré tó ohun tí à ń kì bọ àpò ẹ̀wù. Òmíràn fẹ̀ tó ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Bí àlejò bá wọlé tó rí wọn, á ní, “Bàbá, ẹ mà kàwé o!” Èsì mi kì í yí padà: n kò kàwé púpọ̀, mo kọ púpọ̀ ni. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́ kí bàbá mi tó mú mi lọ sóko. Ìyókù, ọwọ́ ara mi ni mo fi wá a.

N kò ní fi ìròyìn ọ̀nà dá yín dúró. Ọkọ̀ gbé mi, ọkọ̀ sọ̀ mí kalẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá mi ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọmọ ẹni tí mo ń ṣe. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe ariwo ọkọ̀ gbaka, kì í sì í ṣe èrò tó ń gbá ara wọn lára. Búrẹ́dì ni. Ní Èjìgbò, èmi ni ẹbí máa ń tì síwájú bí ọ̀rọ̀ ìdána bá délẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mi ní Abobo, mo dúró níwájú obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n sọ kò sì lè ra búrẹ́dì kan. Ó bi mí ní nǹkan. Mo ń wò ó. Ó tún un bi. Mo na ìka sí búrẹ́dì bí ọmọ tí wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun.

Ohun tó mú mi ra ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn. Káyé ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Èyí tí mo rà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo sì ń fi àmì Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ Faransé sínú rẹ̀ bí etí mi ṣe gbọ́ ọ: “dù pẹ́n” fún búrẹ́dì, “dù lẹ̀” fún wàrà. Ti ọjà ni mo kọ sí apá kejì, nítorí èdè Júlà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà fi ń kí ara wọn: “í ní sọ̀gọ̀má” ni ẹ káàárọ̀ wọn. Ìwé ọ̀rọ̀ ni mo pè é. Kò sí ìtàn nínú rẹ̀, kò sí àròjinlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ojú má tì mí lẹ́ẹ̀kejì lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo padà síwájú obìnrin náà.

“Í ní sọ̀gọ̀má, tàǹtí,” ni mo wí. “Dù pẹ́n, méjì.”

Ó fi ọwọ́ lu tábìlì. “Ẹ̀ẹ́! Ẹ wá gbọ́ o! Ọ̀gbẹ́ni Naka-sí-i ti lahùn!”

Orúkọ tó sọ mí nìyẹn, ó sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí tó fi kó kúrò ládùúgbò. Wọ́n ti fi mí jẹ oyè méjì ní mọ́ṣáláṣí láti ìgbà náà. N kò fẹ́ràn èyíkéyìí tó o.

Ilé iṣẹ́ kan ní Yopougon, ní agbègbè tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, ni mo ti rí iṣẹ́ gidi. Garawa oníke ni à ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti bá irú ìwé mìíràn pàdé. Wọ́n so ó mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni so ewúrẹ́. Bí wákàtí iṣẹ́ rẹ bá pé, wàá kọ bí ẹ̀rọ ṣe ṣe lọ́jọ́ náà sínú rẹ̀. Ẹni tó gba ipò rẹ á kà á kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tó kàn mí láti kọ, mo rò pé àyè nìyí láti fi hàn wọ́n pé mo mọ̀ ọ́n kọ. Mo fara balẹ̀, mo fi Yorùbá kọ ọ́, mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀: “Ẹ̀rọ yìí ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Ó jọ pé òùngbẹ òróró ń gbẹ ẹ́.” Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo lọ sílé, inú mi ń dùn.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ti kọṣẹ́. Kouassi, ọmọ ilẹ̀ yìí tó jẹ́ ọ̀gá wa, jókòó tì í, ó gbé ìwé náà lé orúnkún.

“C’est quoi ça?” ó ní, ìka rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi. “Kí nìyí? Ta ló máa ka èyí?”

“Èmi ni, ṣẹ́ẹ̀fù.”

“Ìwọ tí o ti wà nílé tí ò ń sùn?”

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Kouassi kò rẹ́rìn-ín. “Gbọ́, mon frère. Ìwé yìí kì í ṣe tìrẹ. Ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ ni. Ohun tí o rí ni kí o kọ síbẹ̀. Ohun tí o rò, gbé e lọ sílé.”

Mo gbé e lọ sílé lóòótọ́. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ni mo rà fún ohun tí mo rò, mo sì pè é ní ìwé ojoojúmọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwé kan náà ló yẹ kí ènìyàn máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ìwé ẹ̀rọ ń fẹ́ òtítọ́ kúkúrú tí àjèjì lè kà. Ìwé ojoojúmọ́ ń gba èyí tí ènìyàn kò lè sọ lójú ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé mo jókòó nínú gbaka láti Abobo dé Yopougon, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Níbẹ̀ náà ni mo kọ ọ́ sí pé mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń fi èdè Ìbàdàn bínú sí ẹnìkan lójú títì, tí mo sì tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀nà tí kì í ṣe tèmi, kí n lè gbọ́ èébú rẹ̀ tán.

Ní ti Kouassi, ọdún kẹta kò tíì pé tó fi ń mú ìwé ẹ̀rọ mi han àwọn ẹni tuntun. “Ẹ wò ó,” á ní, “àlejò ló kọ èyí o. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú Faransé ńkọ́?” Lónìí, ṣọ́ọ̀bù tèmi ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Marcory, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé tirẹ̀: àìsàn rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo ṣe sí i. Aránṣọ tó bá gbàgbé ìtàn ẹ̀rọ rẹ̀, èmi kò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ gan-an ni ìwé ìpè.

Nígbà náà, fóònù kò tíì dé àpò gbogbo ènìyàn. Kabíìnì ìpè kan wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Abobo, pákó mẹ́rin tí wọ́n kàn pọ̀, obìnrin kan sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aago. Ní Èjìgbò, ìyá mi á rìn lọ sí ilé ìpè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á jókòó de ohùn mi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ní. Kí n má baà fi ìkíni gbé gbogbo rẹ̀ lọ, mo máa ń kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé kan ṣáájú, mo sì ń kà á fún un bí ìwàásù.

Lọ́jọ́ kan, mo jáde kúrò nínú kabíìnì, mo ṣí ìwé náà, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ odidi ọdún kan ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ tèmi. Ohun tí ìyá mi sọ, ẹyọ kan kò sí. Mo rántí Kouassi. Mo fa ilà sí àárín ojú ewé: ọ̀rọ̀ mi lápá ọ̀tún, tirẹ̀ lápá òsì. Nígbà tí a tún sọ̀rọ̀, mo gbé kálámù.

“Kí ló dé tí o dákẹ́?” ìyá mi bi mí.

“Mò ń kọ ohun tí ẹ sọ ni, Ìyá.”

“Ò ń kọ mí sílẹ̀? Ṣé mo ti dẹjọ́ ni?”

Ẹ̀rín pa á. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ìgbà tí a sọ̀rọ̀ tán tí kò ní bi mí pé, “Ṣé o ti kọ ọ́?” Èmi náà á ní, “Mo ti kọ ọ́, Ìyá.” Á ní, “Ó dáa.” Nígbà náà ni yóò tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ló kún apá òsì yẹn. Ewúrẹ́ aládùúgbò tó jẹ iṣu rẹ̀ wà níbẹ̀. Páànù tí ìjì ká lórí ilé ìdáná wà níbẹ̀. Apá ọ̀tún ni irọ́ pọ̀ sí. Ní ọdún tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí mo háyà, mo kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ pé ọjọ́ kẹta rèé tí n kò lè gbé orí. Nínú ìwé ìpè, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ohun tí mo kọ láti kà fún ìyá mi ni: “Ara mi le koko, Ìyá.” Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ àjò, kí ó gbé ìwé méjèèjì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ ìyá mi. Lọ́jọ́ kan mo ní kí ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi, nítorí pé òórùn rẹ̀ ṣàdédé wá sí mi nímú nínú ilé iṣẹ́ oníke. Ó bẹ̀rẹ̀, mo ń kọ. Ó dé ibi tó ti sọ pé, “Bí omi eérú bá ti kún igbá, wàá wá gbé…” Wáyà já. N kò ní owó tí n óò fi pè padà, ojú sì ń tì mí láti fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Èmi náà ni mo fi orí ara mi parí rẹ̀: “gbé àdín kaná, kí ó hó, kí o da gbogbo omi eérú lé e.” Ohun tí mo rò ni mo kọ, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá ṣí ojú ewé yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé Kouassi ń wò mí.

Ìyàwó mi bí ọmọbìnrin kan fún mi níhìn-ín, Àṣàkẹ́, tó ti di olùkọ́ báyìí ní Marcory. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá; kì í sọ ọ́. Bí mo bá fi Yorùbá bá a wí, Faransé ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Òun náà ní ìwé tirẹ̀, inú fóònù ló wà. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ohun mẹ́ta tí inú rẹ̀ dùn sí síbẹ̀, fóònù náà á sì rán an létí bó bá gbàgbé.

“Papa, ìwé mẹ́rìndínlógójì tí ẹ ní,” ó sọ ọ́ ní Faransé lọ́jọ́ kan, “èwo ni ti ayọ̀ nínú gbogbo rẹ̀?”

“Ṣé fóònù rẹ ti bi ọ́ bóyá o ti jẹun lónìí?”

“Rárá.”

“Ìyá mi máa ń bi mí. Ó wà nínú ìwé.”

Ìyá mi yẹn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé lọ́dún tó kọjá. Ìkòkò tó gbé kaná ló kọ́kọ́ gbàgbé, lẹ́yìn náà ọjọ́ ọjà, lẹ́yìn náà ènìyàn. Fóònù tó ń gbé ojú ènìyàn jáde la ti ń lò, mo sì rò pé ojú mi á ràn án lọ́wọ́. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ó wò mí títí, ó yíjú sí Sàfúrátù àbúrò mi tó ń tọ́jú rẹ̀.

“Ta ni bàbá onírùngbọ̀n yìí tó ń pè mí ní ìyá?”

Bó ṣe rí nìyẹn fún oṣù méjì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Sàfúrátù pè mí fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó ti sunkún kí ó tó pè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ti pè tán, ẹ̀rù ló máa ń bà á. Ó ń tilẹ̀kùn, ó ní àlejò kan mọ orúkọ òun. Ẹ jẹ́ ká dá a dúró ná. Èmi á máa bá yín kí i.”

Mo ti jẹ ìyà lójú iṣẹ́, mo ti sùn lébi, mo ti sin ọ̀rẹ́ sí ilẹ̀ yìí. N kò tíì gbọ́ ohun tó gún mi lọ́kàn tó ìyẹn. Bí mo bá gbà, a jẹ́ pé ọjọ́ ìkẹyìn tí mo bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ti kọjá, tí n kò sì mọ̀.

“Sàfú,” ni mo wí, “fún mi ní ọ̀la òwúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Má fi ojú mi hàn án. Ohùn nìkan. Bí ẹ̀rù bá bà á, n kò ní pè mọ́.”

Ó ní, “Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan.”

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo gbé ìwé ìpè méjọ sórí tábìlì. Àṣàkẹ́ ti wá kí mi, àpò iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀. Mo ti yan ojú ewé tí mo fẹ́ kà: ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tó wúwo ló lè jí i. Àṣàkẹ́ wo ojú ewé náà, ó mi orí.

“Pas ça, Papa. Kì í ṣe ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ikú, àlejò náà lè bá a sọ ọ́. Ẹ ka ti ọṣẹ.”

Mo di ojú ewé tèmi mú. Ọmọ tí kò lè kí ènìyàn tán ní Yorùbá, kí ló mọ̀? Mo ṣí ohùn fóònù tèmi sókè kí Àṣàkẹ́ náà lè gbọ́, Sàfúrátù sì gbé tirẹ̀ sétí ìyá mi. Mo ka ikú bàbá mi fún un bó ṣe sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́sí, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, ohùn rẹ̀ jáde jẹ́ẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹ kú àfẹ́kù o, bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú.” Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ní, “Sàfú, wá gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi.”

Ìyá mi bá mi kẹ́dùn ọkọ rẹ̀ bí ẹni bá ará ojú ọ̀nà kẹ́dùn. Sàfúrátù kò tíì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣàkẹ́ ṣí ìwé mìíràn, ó tì í síwájú mi, ó fi ìka sí i. Mo ń kà á kí n tó mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀.

“Eérú èèpo kòkó, sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu. Da omi sí i, kí ó máa kán díẹ̀díẹ̀. Bí omi eérú bá ti kún igbá, wàá wá gbé àdín kaná, kí ó hó…”

“Irọ́ ni!”

Ohùn náà ta jáde bí ìgbà tó ṣì ń lé wa jáde nílé ìdáná.

“Ta ló ń gbé àdín kaná ṣáájú? Ṣé ọṣẹ lẹ fẹ́ sè ni àbí àkàrà lẹ fẹ́ dín? Omi eérú ni kí o gbé kaná! Kí ó hó, kí ó dúdú, kí ó máa fà. Ìgbà náà ni wàá máa ta àdín sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ kò sì gbọdọ̀ kúrò lára orógùn. Ta ló kọ ìkọkúkọ yẹn?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Ìwọ wo?”

“Ọmọ yín tó wà ní Abidjan.”

Mo gbọ́ tí àkùkọ ń kọ ní àgbàlá wa ní Èjìgbò.

“Èyí tó máa ń dákẹ́ sórí fóònù?”

“Òun ni, Ìyá.”

“Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ dáadáa nígbà náà?”

“Wáyà ló já.”

“Wáyà já,” ó tún un sọ, ó pòṣé. “Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán. Ó dáa, tẹ́tí.”

Ó sì sọ ọ́ tán. Bí ọṣẹ ṣe ń yí àwọ̀ padà, bí wọ́n ṣe ń dín iná kù lábẹ́ rẹ̀, irú ewé tí wọ́n fi ń dì í. N kò lè kọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi kan di fóònù mú, èkejì di ojú ewé ọṣẹ mú. Nígbà tó dé òpin, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù.

“Ṣé o ti kọ ọ́?”

Mo wo ojú ewé tí n kò kọ nǹkan tuntun kan sí. Ẹnìkan fèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní Yorùbá.

“Mo ti kọ ọ́, Ìyá àgbà.”

Àṣàkẹ́ ni. Ó ti yọ káyé tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ nínú àpò, ojú ewé mẹ́ta sì ti kún.

“Ó dáa,” ni ìyá mi wí.

Sàfúrátù gba fóònù. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “aago mélòó lẹ máa pè ní Sátidé tó ń bọ̀?”

Káyé yẹn ló di ìkẹtàdínlógójì. Kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń kọ Faransé ni ọmọ náà ṣe kọ Yorùbá, àní kò sí ẹni tí kò ní rẹ́rìn-ín bó bá kà á. N kò fi kálámù mi kàn án. Ohun tó gbọ́ ló kọ.